Èsì: Ẹ̀wọ̀n ìpèsè, tòkunbọ̀, àti ohun tí a ó máa pe ẹrù tó ń padà síbi tó ti wá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo ilé o.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìwádìí nípa ìrìnnà ojú omi ti ní ká bá àwọn wá ọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n béèrè: kí ni ká pe ètò tí ọjà fi ń ti ilé-iṣẹ́ dé ọwọ́ ẹni tó rà á? Bí ọjà náà bá tún padà sílé-iṣẹ́ lẹ́yìn ìlò ńkọ́? Kí sì ni ká pe ọkọ̀ òkun tí kò ba ayé jẹ́? Àwọn kan dá "ẹ̀wọ̀n ìpèsè" (láti ara "supply chain" ti Gẹ̀ẹ́sì) lábàá fún ti àkọ́kọ́, àti "ẹ̀wọ̀n ìpèsè oníyípo" fún ìkejì. Ẹnì kan ní ká kúkú lo "tòkunbọ̀" fún ìkejì yẹn, ó ṣe tán, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wà nílẹ̀. Ẹlòmíì mú "ìrìnkọ̀ aláwọ̀ ewé" wá fún ìkẹta. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ sì tú u wò.

Ẹ̀wọ̀n ni ká kọ́kọ́ mú. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù pé àwọn èèyàn á rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n là ń wí. Ohun tí mo rí sí i ni pé Yorùbá kì í fi ẹ̀wọ̀n wo ọ̀rọ̀ ọjà, ọwọ́ la fi ń wò ó. Àgbẹ̀ tà fún alájàpá, alájàpá tà fún alágbàtà, alágbàtà tà fún alárọ́bọ̀. Ọwọ́ mélòó ni ọjà ti gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ? Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. "Àtọwọ́dọ́wọ́ ọjà" ni mo fara mọ́. Ẹnì kan á ní àṣà ìbílẹ̀ là ń pè ní àtọwọ́dọ́wọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ òfin tèmi lórí ọ̀rọ̀ tó jọra ni pé, àfi bí méjèèjì bá lè jókòó sínú gbólóhùn kan náà ni ká tó bẹ̀rù. Àṣà àtọwọ́dọ́wọ́ àti àtọwọ́dọ́wọ́ ọjà kò lè gba ipò ara wọn.

Òfin yìí kan náà ló pa "ìkẹ́rù alágbéró" tí wọ́n fi lélẹ̀ níjẹta fún ìkẹ́rù tí kò ba ayé jẹ́. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí ẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ṣe máa ń ṣe, kí ẹ wá kà á fún ará Èkó. Agbèrò Òṣòdì ló máa rí, pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sì ni méjèèjì.

Ibi tí mo fẹ́ dúró pẹ́ sí ni tòkunbọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni kó tó di orúkọ mọ́tò, fíríìjì àti táyà. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa: ó ti òkun bọ̀. Ibi tó ti ń bọ̀ ló sọ, kò sọ pé ó ń padà síbì kankan. Lọ́dún 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel (àdéhùn àgbáyé lórí kíkó ìdọ̀tí olóró láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn) fún Áfíríkà, èyí tó wà ní Ìbàdàn, dúró sí èbúté Èkó láti wo ohun tó ń wọlé. Nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná mànàmáná àlòkù ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún kan. Inú mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí. Ẹ ṣáà ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ẹ ó bá tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tí wọ́n tò kan òrùlé: tòkunbọ̀ nínú tòkunbọ̀. Nínú gbogbo ẹ̀, ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́ rárá.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ gba ọjà Alábà lọ. Èyí tó ṣeé tún ṣe, àwọn ọmọ wa tún un ṣe, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà ju bí àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ṣe rò lọ. Èyí tó kù ńkọ́? Wọ́n á dáná sun wáyà rẹ̀ kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Kò sẹ́ni tó gbé e padà fún ẹni tó ṣe é. Bí a bá wá fi tòkunbọ̀ pe ọjà tó ń padà sílé-iṣẹ́, orúkọ ẹni tó dé là ń fún ẹni tó ń lọ.

Ohun tí ìwé ẹ̀gbọ́n wa ń sọ, ọ̀rọ̀ ìgò mínírà ni. O fi owó ìgò sílẹ̀, o mu ún tán, o dá ìgò padà, o gbowó rẹ. Ìyá tó ń tà á kó kíréètì òfìfo fún ọkọ̀ tó já ẹ̀kún sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ fọ ìgò, wọ́n tún rọ omíì sí i. Ìgò lọ, ìgò bọ̀. Nítorí náà, "àtọwọ́dọ́wọ́ àlọ-àbọ̀" ni kí wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò tíì gbàdúrà àlọ àti àbọ̀ fún rí, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé. (Rọ́bà ti ń lé ìgò yẹn kúrò nígboro, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Àwọn kan tún ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun tó ń padà àti ohun tí kò ba ayé jẹ́, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Kì í ṣe ọ̀kan náà o. Ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n ń yọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú láti rí òjé inú rẹ̀. Òjé yẹn ń wọ ọkọ̀ òkun lọ sókè òkun, wọ́n sì ń fi ṣe bátìrì tuntun níbẹ̀. Àlọ-àbọ̀ tó pé pérépéré ni. Àmọ́ òjé tó bá èéfín àti eruku jáde ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé ládùúgbò náà, tọmọdé tàgbà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ní ọ̀rọ̀ kejì lọ́tọ̀. "Arotọ̀la" ni mo mú wá, láti ara "ro tọ̀la". Ìkẹ́rù arotọ̀la, ọkọ̀ arotọ̀la. Bí ẹ bá ní èyí tó sàn jù, ẹ gbé e wá, kí ó ṣáà má jẹ́ agbèrò.

Ní ti aláwọ̀ ewé, ẹni tó bá gbọ́ ọ á béèrè pé ta ló kun ọkọ̀ náà lọ́dà. Ohun tó yẹ ká dárúkọ ni ohun tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Epo tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ń sun ni èyí tó bá ṣẹ́kù sísàlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ pẹtiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù jáde. Bí ìsàlẹ̀ agbè ẹmu ló rí, ó ki, ó dúdú. Epo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìyẹn, kí la tún ń wá kiri? Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ni Àjọ Ìrìnnà Òkun Àgbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù dínkù láti ìdá 3.5 sí ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020. Lọ́dún 2023 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú àjọ yẹn tún fẹnu kò pé ní nǹkan bí ọdún 2050, kí ìrìnnà òkun má tún fi kún èéfín tó ń mú ayé gbóná mọ́.

Ọdún 2023 yẹn náà ni Laura Maersk, ọkọ̀ kọ̀ǹténà tó lè fi mẹtanọ́ọ̀lù (irú ọtí kẹ́míkà kan tó ń jó bí epo) rìn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ọkọ̀ akẹ́rù Pyxis Ocean sì gbéra pẹ̀lú ìgbòkun líle méjì tí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 37.5. Ẹ wò ó, ìgbòkun ni mo pè é. Ó wà nínú Bíbélì, a ò nílò "apá afẹ́fẹ́" tí ẹnì kan ń gbé kiri. "Ìrìn-pẹ̀lẹ́" tí wọ́n dá lábàá fún dídín eré ọkọ̀ kù náà dára, mo gbà á. Bí ọkọ̀ bá dín eré rẹ̀ kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, agbára tí ẹ́ńjìnnì ń lò á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdá 27. Ọjọ́ á gùn díẹ̀ sí i lójú òkun, síbẹ̀ epo gbogbo ìrìn náà á dín ní nǹkan bí ìdá 19.

"Ìtúkọ̀" fún fífọ́ ọkọ̀ ògbólógbòó ni mi ò lè gbà. Atukọ̀ ni ẹni tó ń darí ọkọ̀. Bí ẹ bá gbé ohùn sókè díẹ̀ lórí "tu", ó di ẹni tó ń já ọkọ̀ sí wẹ́wẹ́. Fojú inú wo ìròyìn láti Alang ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń gun ọkọ̀ wọ etíkun nígbà tí omi bá kún: atukọ̀ ló gùn ún wọ ilẹ̀, atúkọ̀ ló gbé iná tì í. Inú gbólóhùn kan ni wọ́n ti pàdé yìí. Ẹni tó mú "ìkunkọ̀" wá, bí ọdẹ ṣe ń kun ẹran, wú mi lórí gan-an, ṣùgbọ́n kíkun ọkọ̀ ní ọ̀dà náà lè jẹ́ ìkunkọ̀, òfin mi ò gbà á. "Ìtúpalẹ̀ ọkọ̀" ni kí a lò. Ó gùn díẹ̀, kò burú. Àdéhùn Hong Kong lórí ìtúpalẹ̀ ọkọ̀, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2009, tó wá ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025: ó kà dáadáa.

Kọ̀ǹténà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Àpótí agbẹ́rù" kò ní dé Àpápá láéláé.

Èyí tó kù tí mi ò rí ojútùú sí ni kọ̀ǹténà tó ń padà lọ ní òfìfo. Ohun tí à ń kó wọlé nínú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí à ń kó jáde lọ, nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kúrò l'Ékòó láìru nǹkan kan, epo sì ń jó lórí afẹ́fẹ́. "Ẹ́ńtì" làwọn ajẹ́ńtì tó ń kílíà ẹrù ń pè é. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀jìnrìn àti Ìkòròdú tí àwọn bàbá yín ń fi ọkọ̀ kó ọjà gba ọ̀sà lọ s'Ékòó, kí ni wọ́n ń pe ọkọ̀ tó já ẹrù tán tí kò rí nǹkan gbé padà bọ̀? Ẹ bá mi bi àwọn àgbà tó ṣì wà nílé.