Gbèsè ilé ìwòsàn: wọ́n lè bèèrè owó, wọn ò lè há èèyàn mọ́

Bí ilé ìwòsàn bá há aláìsàn yín mọ́ torí owó tí ẹ jẹ, ibi ìwé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà bá ti ní kí aláìsàn máa lọ sílé, ẹ rí i pé ó kọ déètì sínú fáìlì, kí ẹ sì fi fóònù ya ojú ewé yẹn. Kaṣíà ò ní fún un ní páàsì géètì àfi tówó bá pé, síkiọ́rítì ò sì ní ṣílẹ̀kùn láìrí páàsì. Láti déètì yẹn lọ, ìtọ́jú ti parí, àhámọ́ ló kù, ṣùgbọ́n owó bẹ́ẹ̀dì á ṣì máa gorí owó lójoojúmọ́. Bí kò bá sí déètì, ta ló máa ya owó ìtọ́jú kúrò lára owó àhámọ́?

Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 to àwọn ìdí tí wọ́n fi lè gba òmìnira lọ́wọ́ èèyàn. Àrùn tó ń ràn wà níbẹ̀. Gbèsè ilé ìwòsàn kò sí. Aláìsàn kì í ṣe ìwọ̀fà.

Ẹ tún bèèrè bíìlì tó to nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà gbé jáde ní 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ “consumables” sí dáadáa: ìbọ̀wọ́, síríńjì àti omi dírípù tí ẹbí ti fowó ara wọn rà ní kẹ́mísì lè tún jáde níbẹ̀. Rìsíìtì kẹ́mísì lẹ máa fi yọ ọ́.

*

Gbogbo ìyẹn dáa, àmọ́ bí ilé ìwòsàn bá pe ọlọ́pàá sí yín ńkọ́? Òfin ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, ní wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí àdéhùn owó tó yẹ̀ lásán. Tí wọ́n bá sì pè yín sí tésàn pé kí ẹ wá kọ ọjọ́ tí ẹ máa san, ẹ má kọ iye tí apá yín ò ká. Ìwé yẹn ni wọ́n máa gbé síwájú adájọ́ pé ẹ ti gbà. Ti ṣẹ́ẹ̀kì ló burú jù. Ẹni tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì nígbà tó mọ̀ pé kò sówó nínú àkáǹtì ti sọ gbèsè di ọ̀ràn, ọlọ́pàá sì lè mú un ní tòótọ́. Ẹ má kọ ọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń dógò tì yín ní ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀.

*

Tó bá di ti kóòtù, ilé ẹjọ́ gíga ni, lábẹ́ ìlànà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009. Ìwé mẹ́ta ni: àlàyé ohun tí ẹ ń bèèrè, ìwé ìbúra, àti àròyé lọ́yà. Ẹbí lè búra dípò ẹni tí wọ́n há mọ́. Ìlànà náà ní kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ bọ́ sáàárín ọjọ́ 7 tí ẹ bá fìwé sílẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council; Èkó tún ní Office of the Public Defender. Lójú tèmi, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí lọ́yà kọ lẹ́tà, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni kò fẹ́ kí orúkọ àwọn dé kóòtù.

Adájọ́ á tú yín sílẹ̀, kò ní pa gbèsè rẹ́. Ní Èkó, ilé ìwòsàn lè gba kóòtù gbèsè kékeré lọ bí owó náà kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ lẹ́tà ìbéèrè owó sí yín. Ẹ fèsì lẹ́tà yẹn, kí ẹ sọ iye tí ẹ lè máa san lóṣooṣù. Tí ẹ bá ń fowó ránṣẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà káàdì aláìsàn sínú àlàyé tíránsífà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àkáǹtì wọn á gba owó, fáìlì yín á ṣì máa jẹ gbèsè.