Ìwé Alice àti chess tí mo béèrè lọ́jọ́sí: a ti ṣe é tán o

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè bí mo ṣe máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Through the Looking-Glass, ìwé Lewis Carroll ti 1871 yẹn, níbi tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Alice ti di ọmọ chess, tó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ta chess rí.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé ká fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú chess sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, kí ọmọ kan ṣe Alice. Pawn, ìyẹn ọmọ chess tó kéré jù, ni Alice, ojú kejì ló ti bẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa dé ìkẹjọ á di ọbabìnrin. Bí ọmọ yẹn ṣe gba orí ojú kẹta kọjá bọ́ sí ìkẹrin báyìí, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ pariwo pé "Àǹtí, ìdí tó fi wọ rélùwéè nìyẹn!", torí nínú ìwé náà, rélùwéè ni Alice wọ̀ kọjá ojú kẹta, pawn sì lè rin ojú méjì nígbà àkọ́kọ́, ẹ ò mọ bínú mi ṣe dùn tó.

Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀: ṣé Alice ló ń dá rìn ni àbí ẹnì kan ló ń ta á? Wọn ò fẹnu kò, mi ò sì dá sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ní kí wọ́n kọ ìtàn ọmọ tó di ọmọ ayò, ọ̀kan nínú 48 tó wà lójú ọpọ́n. Ẹnì kan kọ ọ́ pé "a ti pé mẹ́ta nínú ilé yìí, wọ́n máa jẹ wá."

Ọ̀rọ̀ yìí ti tán lọ́dọ̀ mi o. Ẹni tó bá fẹ́ àwọn ìbéèrè tí mo lò kó sọ, màá fi ránṣẹ́.