Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àrọ̀ odò: báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja, Ìkún-Èkìtì
Mo kí gbogbo yín. Mo ń gba ẹ̀jẹ̀ àrọ̀ àti epìyà tí àwọn apẹja ń kó bọ̀ láti inú dáàmù tó wà ní Ìkún níhìn-ín, mo sì ń fi máíkírósíkóòpù yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ẹ̀jẹ̀ tútù àrọ̀ kan, mo rí ohun tín-ín-rín kan tó ń ká bí ejò, tó ń ti àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kun ẹ̀jẹ̀ náà láró, àárín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni mo ti rí àmì dúdú, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ kòkòrò mọ́. Àwọn ẹlẹ́ja tilẹ̀ ti ń sọ lọ́jà pé kòkòrò àìsàn oorun ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Aláyẹ̀wò, Adó-Èkìtì
Ẹ kú iṣẹ́. Ohun tó ń ká yẹn jọ Trypanosoma, irú kòkòrò tín-ín-rín kan tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe tuntun lára ẹja: ọdún 1841 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Valentin ti rí irú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja trout ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí èyí tó ń ṣe ènìyàn. Ní ti àmì dúdú, sẹ́ẹ̀lì pupa ẹja kò dà bíi tiwa; ó ní kóró láàárín, aró Giemsa a sì máa sọ kóró náà di àwọ̀ àlùkò. Bí ẹ bá rí kóró kan ṣoṣo, ẹ fi í sílẹ̀. Nǹkan kejì tó bá bá kóró gbé inú sẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ fura sí, nítorí àwọn kòkòrò mìíràn bíi Babesiosoma ń gbé ibẹ̀, nígbà tí Trypanosoma ń lúwẹ̀ẹ́ lóde sẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tútù ni kí ẹ máa kọ́kọ́ wò, kó tó dì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tẹ́ ìyókù fẹ́ẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, kó gbẹ, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú methanol, ìyẹn kẹ́míkà olómi kan, kí aró tó kàn án.

Apẹja Àgbà
Ọmọ mi, ṣé o wo eṣúṣú? Mo máa ń rí wọn lára àrọ̀, ní ìdí ìyẹ́ àyà àti lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tó fi ń mí, wọ́n á wú fún ẹ̀jẹ̀. A kàn máa ń já wọn dànù ni.

Aláyẹ̀wò, Adó-Èkìtì
Bàbá, ẹ ṣeun, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Eṣúṣú ló ń gbé Trypanosoma láti ara ẹja kan dé òmíràn. Kòkòrò náà á pọ̀ sí i nínú eṣúṣú, yóò sì wọ ara ẹja mìíràn nígbà tó bá tún ń mu ẹ̀jẹ̀. Ti àìsàn oorun yàtọ̀ pátápátá, eṣinṣin tsetse ló ń gbé ìyẹn. Ti ẹja kì í ran ènìyàn, iná ọbẹ̀ sì ń pa á, nítorí náà kí àwọn ẹlẹ́ja fi ọkàn balẹ̀.

Ẹni tí mo ń bẹ̀rù fún ni ẹni tó ń kó àrọ̀ odò wọ inú adágún ìsìn ẹja láti fi bímọ, láìkọ́kọ́ já eṣúṣú rẹ̀ kúrò. Níbi tí ẹja há mọ́ra wọn, eṣúṣú kò ní rìn jìnnà kó tó rí òmíràn mu, ẹja tí kòkòrò bá sì pọ̀ lára rẹ̀ lè di aláìlẹ́jẹ̀ tó. Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju eṣúṣú nù mọ́: ẹ fi ọtí líle pa wọ́n mọ́ nínú ìgò, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹja tí ẹ ti já wọn sára ìgò náà.