Mo fẹ́ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì dà láì pa nọ́ńbà dà: ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, èwo ló ṣe é mú?

Ìyá Alágbọn:

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àgbọn ni mò ń tà lẹ́bàá ọjà Agbalata, tútù àti gbígbẹ, mo sì ń ta òróró àgbọn pẹ̀lú. Ajara ni mo ń gbé. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi kì í ṣe ará ibí: ará Mushin wà níbẹ̀, ará Ìbàdàn wà, àwọn tó ń ṣe kéèkì ní Festac náà wà. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń rí ọjà. Wọ́n á fi owó ránṣẹ́ sí báńkì, èmi á di ẹrù fún awakọ̀ tó ń lọ Mile 2, ó parí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mò ń lò ti sú mi. N ò ní dárúkọ wọn, n ò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ń ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ọjà kún, kí oòrùn mú, áláàtì ò ní wọlé mọ́. Oníbàárà á na fóònù tirẹ̀ sí mi lójú pé "Màmá, owó ti lọ o", èmi náà á máa wo tèmi, n ò ní rí nǹkan kan. Ta ni kí n gbà gbọ́? Àwọn tí wọ́n ti fi ayédèrú áláàtì lù ní jìbìtì nínú ọjà yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Tí mo bá ní kó dúró, á ní mo pe òun ní olè. Tí mo bá ní kó máa lọ, ọkàn mi ò ní balẹ̀ títí di alẹ́.

Èkejì: mo máa ń lọ kó àgbọn ní àwọn abúlé tó súnmọ́ ibodè Seme. Tí mo bá fi lè dé ọ̀hún báyìí, káàdì tí mo rà sórí fóònù á ti gbẹ kí n tó pe ẹni tí mo fẹ́ pè. Bẹ́ẹ̀, n ò sọdá o. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni mo wà.

Ọmọ mi ní kí n ra síìmù tuntun, kí n sọ ti àtijọ́ nù. Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló wà lára pátákó ìsọ̀ mi, òun ló wà lára ọ̀rá tí mò ń fi di ọjà, òun ló wà ní báńkì, òun ni mo so mọ́ NIN. Àwọn oníbàárà tí mo ti ní kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ WhatsApp, òun nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ń ṣiṣẹ́ láti Ajara dé Agbalata dé Seme? Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ dání lọ bá ilé-iṣẹ́ míì? Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ fún mi pé "olè ni gbogbo wọn", mo ti gbọ́ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Topo:

Àǹtí, olè ni gbogbo wọn.

Ẹ má bínú, eré ni mò ń ṣe. Topo ni mo wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo fi ń pe èèyàn, tí mo bá ti wọ yàrá, ó parí. Àfi kí n jáde sí abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé kí n tó lè sọ̀rọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀ tí èmi àti ọ̀rẹ́bìnrin mi bá ń jà, wọ́n tún máa ń dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lẹ́bàá Marina, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ló ń lò, ó ní kò sí èyí tó dáa tó o láyé. Inú yàrá ló dùbúlẹ̀ sí tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Mo sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, ó ní kí n wá wò ó. Mo lọ, mo rí i. Kò yé mi títí di òní.

Kọ́lá Oníṣẹ́-Fóònù:

Ẹ kú òwò, Àǹtí mi. Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe ní apá Ibereko, mo sì ń ta síìmù.

Ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Topo sọ yẹn ni ìdáhùn gan-an. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àgbádárìgì. Ti Topo wà, ti Marina wà, ti ìdí ìsọ̀ yín wà. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó súnmọ́ yín ni ẹ̀ ń bá ṣe, kì í ṣe orúkọ tó wà lára síìmù. Òpó kan náà ni gbogbo ẹni tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín nínú ọjà yóò sì jọ máa fà. Láàárọ̀, ẹ̀yin díẹ̀ lẹ wà lórí rẹ̀. Tí ọjà bá kún, gbogbo alájàpá, gbogbo oníPOS, gbogbo ọmọ tó ń wo fídíò ló gùn ún, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan á wá kéré. Ìdí nìyẹn tí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú fóònù fi lè dúró ṣánṣán kí áláàtì má sì wọlé. Igi yẹn kàn ń sọ bí fóònù yín ṣe ń gbọ́ òpó tó ni. Kò sọ iye èèyàn tó ń bá yín du ú.

Ní ti yàrá Ọmọ Topo, ìgbì ló yàtọ̀ síra. Èyí tí wọ́n ń gbé sórí 700, 800 tàbí 900 MHz máa ń rìn jìnnà, ó sì ń wọ inú ilé. Àwọn 1800, 2100 àti 2600 lè gbé dátà púpọ̀, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá wọn dúró, wọn kì í sì í lọ jìnnà. Òpó tó wà lẹ́bàá Marina ti lè súnmọ́ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ débi pé kò sí wàhálà.

Nítorí náà, Àǹtí, ẹ má bi èmi. Ẹ bi àwọn tó jókòó tì yín. Alátà, aláṣọ, oníPOS iwájú yín, ẹ wá ẹni tó ń lo MTN, ẹni tó ń lo Airtel, ẹni tó ń lo Glo, ẹni tó ń lo T2 (èyí tó ń jẹ́ 9mobile títí di 2025). Ní wákàtí tí ọjà bá gbóná jù, kì í ṣe láàárọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí áàpù báńkì wọn lójú yín, kí wọ́n sì fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èyí tó bá lọ láì yí bírípo ni tiyín. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ajara lálẹ́.

Kí ẹ tó pa ohunkóhun dà, ẹ jẹ́ kí n rí fóònù àti síìmù yẹn. Síìmù ayé àtijọ́ tí wọn ò sọ di 4G wà káàkiri ọjà yìí. Orí 3G ló ń rá, wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa. Àwọn fóònù àlòkù kan tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà náà wà tí kò gba gbogbo ìgbì tí wọ́n ń lò níbí. Ẹ lè kó síìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, kò ní yí padà.

Ti Seme nìyí. Fóònù yín ti sọdá kí ẹ tó sọdá. Òpó àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ wà ní ìtòsí, ti MTN tiwọn, ti Moov, ti Celtiis. Tí ti Nàìjíríà bá rẹ̀wẹ̀sì, fóònù á gbá ti ọ̀hún mú, wọ́n á sì máa ṣírò owó bí ẹni tó rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Ẹ ó rí lẹ́tà R kékeré lókè, àtẹ̀jíṣẹ́ ìkíni káàbọ̀ sì lè wọlé. Kí ẹ rí "MTN" lójú fóònù kò tó o, torí wọ́n ní i ní Kutọnu náà. Ẹ pa "data roaming", ìyẹn dátà tí fóònù ń fà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú míì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi tí fóònù ti ń yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, ẹ pa ìyẹn náà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yan ti Nàìjíríà. Tí ẹ bá fẹ́ sọdá lóòótọ́, ẹ dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fóònù á kàn dákẹ́ ni.

Nọ́ńbà ṣe é gbé lọ. NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti gbà á láyè láti oṣù kẹrin 2013. Ẹ ó lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ bá, ẹ mú NIN dání, wọ́n á fún yín ní síìmù wọn, ẹ ó sì fi PORT ránṣẹ́ sí 3232 láti orí ti àtijọ́. Ó lè tó ọjọ́ méjì kó tó parí. Ẹ kọ́kọ́ ná káàdì àti dátà tó bá ṣẹ́kù tán, torí kì í tẹ̀lé èèyàn. Ẹ ò sì lè fò padà lọ́jọ́ kejì o, wọ́n ní iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ lò níbẹ̀ ná. Ẹ tún máa kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ra káàdì fún yín, torí bí nọ́ńbà bá ṣe bẹ̀rẹ̀ ni àwọn áàpù kan fi ń mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí tiyín bá jẹ́ 0803 ti MTN, 0803 ni wọ́n á rí, wọn ò ní mọ̀ pé ẹ ti kó lọ.

Bàbá Onítẹlifóònù:

Ẹ ṣé, Kọ́lá. Ìyá Alágbọn, èmi jẹ́ òṣìṣẹ́ NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, láyé ìjọsí, nítorí náà ẹ fara dà á fún mi bí mo bá sọ̀rọ̀ gùn.

Nígbà tí Econet àti MTN dé ní oṣù kẹjọ 2001, owó síìmù nìkan ju owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. 50 naira ni ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá kan sọ pé "Ẹ káàárọ̀" tó gé e, owó ìṣẹ́jú kan pérépéré ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní kò ṣe é ṣe kí àwọn ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Glo dé ní 2003, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ìṣẹ́jú àáyá, ó wá di pé ó ṣe é ṣe fún gbogbo wọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bó ṣe yẹ kí inú òṣìṣẹ́ NITEL dùn lọ.

Síìmù 0802 tí mo rà nígbà náà ń bẹ lọ́wọ́ mi. Econet ni. Ó di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, ó wá di Airtel, èmi ò sì kúrò lójú kan. Nítorí náà orúkọ ò tu irun kan lára mi.

Ibi tí mo ti yà sọ́tọ̀ sí ti Kọ́lá nìyí: ẹ má gbé nọ́ńbà yẹn lọ síbì kankan. Fóònù tó ń gba síìmù méjì pọ̀ nígboro. Ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ìpè àti báńkì, ẹ ra tuntun fún dátà nìkan. WhatsApp yín á ṣì wà lórí nọ́ńbà àtijọ́, dátà tuntun lá máa gbé e. Bí tuntun bá bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ ra òmíràn, kò sí oníbàárà tó máa mọ̀.

Ní ti áláàtì, ẹ yé dúró de àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ ṣí áàpù báńkì, ẹ wo owó tó wà nílẹ̀ gan-an. Ayédèrú kò lè dé ibẹ̀. Ẹ má sì fi kóòdù báńkì wò ó ní gbogbo ìgbà: 6.98 naira ni ẹ̀ẹ̀kan, àti láti oṣù kẹfà 2025, orí káàdì fóònù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ báńkì.

Ohun kan tún wà tó ń bí mi nínú. Ní oṣù kìíní 2025, NCC gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti fi kún owó ìpè àti dátà, tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Wọ́n fi kún un. Ẹni tó bá san owó ẹran kò yẹ kó máa bẹ̀ kí wọ́n tó bu ọbẹ̀ fún un. Tí dátà bá pòórá tàbí wọ́n bá yọ owó tí kò yé yín, ẹ pe 300, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lẹ́nu wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹ pe NCC ní 622. Ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ ò bá ní nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn lọ́wọ́, ibi tí ẹ ti kúrò náà ni wọ́n máa dá yín padà sí.

Kọ́lá Oníṣẹ́-Fóònù:

Bàbá, mo gba ti síìmù méjì yẹn. Ó dáa ju tèmi lọ fún ẹni tó ń ṣòwò. Ẹ kàn jẹ́ kí n fi èyí kún un: síìmù àtijọ́ yẹn gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Tí nǹkan kan tó ń mówó wọlé fún wọn ò bá ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á. Tó bá tún tó oṣù mẹ́fà míì, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì. Ẹ máa fi í pe èèyàn dáadáa, kó má kàn jẹ́ gbígbà nìkan.

Ìyá Alágbọn:

Mo kí gbogbo yín, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Bàbá, ẹ ò sọ̀rọ̀ gùn rárá.

Mo ti ṣe ohun tí Kọ́lá ní kí n ṣe. Mo dúró lẹ́yìn Ìyá Onígaàrí nígbà tí ọjà kún, ó ṣí áàpù rẹ̀ báyìí ló tàn yàà. Ti alátà ń yí bírípo bíi tèmi. Aláṣọ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú Ìyá Onígaàrí, tirẹ̀ náà sì dáa. N ò ní dárúkọ èyí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ń gbé ibòmíì má lọ rà á kó wá fi mí bú. Nígbà tí mo bi ọmọ mi bóyá fóònù mi ń gba síìmù méjì, ó rẹ́rìn-ín. Àyè kejì ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó rà á fún mi.

Ti R yẹn, mo rí i. Mo rò pé ó wà lára fóònù ni.

Ẹyọ ìbéèrè kan ló kù. Wọ́n fẹ́ fún mi ní ẹ̀rọ POS. Ṣé èmi ni máa ra síìmù fún un? Kí n fi irú ti Ìyá Onígaàrí sí i?

Kọ́lá Oníṣẹ́-Fóònù:

Ó sábà máa ń bá síìmù wá, Àǹtí, àwọn tó fún yín ní ẹ̀rọ ló ń fi sí i. Ẹ bi wọ́n lójú kí ẹ tó gbà á: nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló wà nínú rẹ̀, ṣé wọ́n á pa á dà tí kò bá ṣiṣẹ́ ní Agbalata, ta ló sì ń san owó dátà rẹ̀. Ẹ tún bèèrè bóyá ó ń gba Wi-Fi. Tó bá ń gbà á, ẹ kàn so ó mọ́ dátà fóònù yín tuntun ni. Ẹ dán an wò nínú ọjà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé wọn.

Ọmọ Topo:

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìyá Onígaàrí ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, n ò lè máa dúró lábẹ́ máńgòrò mọ́.