Àgbérùsókè kọ́: títì àti fífà ni iṣẹ́ ọ̀pá yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "àgbérùsókè" fún ọ̀pá oníná tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ agbélé-rìnrìn-àjò fi ń ṣí òrùlé rẹ̀ sókè. Inú mi ò dùn sí i rárá. Láti orí àmì ohùn àkọ́kọ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ló ń kọ. Àkọsílẹ̀ ni ohun tí ó kọ. A- olóhùn àárín ló ń bí olùṣe, à- olóhùn ìsàlẹ̀ kì í sábà bí i. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí, ẹrù tí a gbé ló ń jẹ́ orúkọ, kì í ṣe ẹ̀rọ tó gbé e. Ẹ má sọ fún mi pé fóònù ni kò ní àmì. Ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan lórúkọ gbọ́dọ̀ wá àmì.

Kódà bí a bá tún àmì ṣe, "gbé" ṣì ń ṣini lọ́nà. Ẹ wo inú rẹ̀: mótò kékeré tó ń lo iná fóltì 12 ń yí bóòtù gígùn kan, nọ́ọ̀tì ara bóòtù náà kò ráyè yí, nítorí náà rírìn ló ń rìn, ó sì ń ti ọ̀pá jáde gbọnrangandan. Ẹ pààrọ̀ wáyà méjèèjì fún ara wọn, yóò fà á wọlé padà. Kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀. Ibi tí imú rẹ̀ bá kọjú sí ló ń tì.

Àṣìṣe yẹn lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ "gbé" yóò wọn bí òrùlé ṣe wúwo tó, yóò ra ọ̀pá tó lè gbé ìwúwo yẹn, yóò sì tẹ́ ẹ sábẹ́ òrùlé tó ń ṣí bí ìdérí àpótí. Bí ọ̀pá bá fi dígíríì 30 dagun sí òrùlé, ìdajì agbára rẹ̀ péré ló ń ṣí i sókè. Ní dígíríì 10, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún.

Èmi fara mọ́ "atìfà". Ẹnìkan ní a- kò lè bá ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní àbọ̀, ìyẹn ohun tí a ń ṣe iṣẹ́ náà sí, rìn, bí "tì" àti "fà" ṣe wà níbí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn fẹ́ kí "dúró" wà níbẹ̀, torí eyín bóòtù kì í jẹ́ kí òrùlé wálẹ̀ bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ní bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ láàrin bóòtù àti nọ́ọ̀tì a máa yọ̀ padà bí kò bá sí bíréèkì. Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kọ́kọ́ fetí sí i, wọ́n rí i pé ó ń sọ, kì í gba èsì, kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Sùúrù yẹn ni mo ń wá láàrin wa.

"Anàsúnkì" tí àbúrò kan mú wá sàn ju àgbérùsókè lọ, àmọ́ aṣọ ló ń súnkì. Ọ̀pá yìí kì í kéré sí i, inú àkọ̀ rẹ̀ ló ń wọ̀. Ti ẹni tó ní Gẹ̀ẹ́sì la ti yá súnkì, mi ò gbà. Sún àti kì ni, Yorùbá pọ́ńbélé. Kó mú ẹ̀rí wá.