Ẹ gbà mí o: èrò 96 wà lọ́wọ́ mi, márùn-ún péré ni wọ́n fẹ́

Akọ̀wé Tanke: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Dókítà ni mí, Ìlọrin níbí ni mo wà. Ẹgbẹ́ wa fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń gba èrò àwọn mẹ́ńbà jọ lórí ohun tó yẹ kí ìjọba tún ṣe nínú ètò ìlera, a fẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan gbé lọ bá wọn. Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni, mo kàn ju mẹ́sẹ́ẹ̀jì sórí WhatsApp pé "ẹ mú èrò yín wá", àfi bó ṣe di 96 láàárín ọjọ́ mẹ́rin, fóìsì nóòtì lé ní ogún nínú ẹ̀, ọ̀kan gùn tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀, mi ò gbọ́ ju "owó" àti "ẹ jọ̀ọ́" lọ.

Alága ní márùn-ún péré ni kí n mú wá. Mo bá ka iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan. Owó oṣù àti àláwáǹsì ló borí, ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ló tẹ̀lé e. Àmọ́ nígbà tí mo wo àwọn tó kọ ọ́ dáadáa, èèyàn mẹ́jọ kan náà ló ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, ìgboro ni gbogbo wọn wà. Àwọn tó wà lọ́nà Òkè-Ẹ̀rọ àti Èkìtì (ìjọba ìbílẹ̀ ti Kwara tiwa o, kì í ṣe Èkìtì ti Adó), ẹni mẹ́ta péré ló sọ̀rọ̀. Ọ̀kan kọ ìlà kan ṣoṣo: "Ẹ bá wa wá sọ́là, fírísà àjẹsára ò rí iná." Tí mo bá fi iye ṣe é, ìyẹn ti jáde nìyẹn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Gàá-Àkànbí: Àbúrò, ojú ọjà lo ti bi wọ́n, ẹni tó lẹ́nu jù náà ló máa tà. Ẹ pè wọ́n jókòó, ẹni mẹ́jọ mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan. Fún wọn ní bébà, kálukú á kọ tiẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ wá máa yí i po, ẹnì kan ohun kan, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sójú pátákó títí á fi tán. Ẹni tí nǹkan ò bá yé lè béèrè, iyàn ò sí ńbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kálukú á mú márùn-ún, á fún èyí tó ká a lára jù ní máàkì 5, èyí tó tẹ̀lé e 4, títí dé 1, ẹ ó wá ro ó pọ̀. Nominal group ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, máàkì ẹ̀ ò ju ti ẹni tó dákẹ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àràn: Ẹ kú iṣẹ́ dókítà. Èmi kì í ṣe dókítà o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fírísà yẹn wọ̀ mí lára. Àjẹsára tó pọ̀ jù, 2 sí 8 digíríì ló gbọ́dọ̀ wà, tí iná bá lọ ọjọ́ méjì, kúlà la máa ń kó o sí, a ó ra áìsì lọ́wọ́ ìyá tó ń ta pure water, mo ti gbé kúlà sórí itan mi lórí ọ̀kadà rí, omi ń ro sí bàtà mi, mo ń wo tẹmọ́mítà bí ẹni ń wo aago ìyàrá ìdánwò. Ẹni tó wà nígboro ò lè rántí kọ irú ẹ̀. Torí náà ẹ má ro ìbò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan o, dókítà ìgboro pọ̀ ju tiwa lọ, wọ́n á gbé wa mì. Ẹ ro ti Kwara South lọ́tọ̀, Central lọ́tọ̀, North lọ́tọ̀, kí èyí tó ṣe ipò kìíní níbì kọ̀ọ̀kan wọlé ná.

Ọmọ Ọ̀fà ní Ìlú Ọba: Ohun tí BMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìlú yìí, ń ṣe níbí ni pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á mú àbá wá síbi ìpàdé ọdọọdún àwọn aṣojú, àwọn tó ń to ètò ìpàdé á so àwọn tó jọra pọ̀ di ọ̀kan. Ti Amẹ́ríkà náà, AMA, ìgbìmọ̀ kékeré á kọ́kọ́ gbọ́ ẹnu àwọn èèyàn lórí àbá kọ̀ọ̀kan, á wá dámọ̀ràn pé kí wọ́n gbà á, kí wọ́n má gbà á, tàbí kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Ẹ so àwọn tó jọra pọ̀ ná, 96 yẹn lè má ju ogún lọ.

Lọ́yà Taiwo: Kẹ́ ẹ tó kọ márùn-ún yẹn, ẹ wo èyí tí òfin ti sọ tẹ́lẹ̀. Òfin ìlera 2014 ti ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán 1% nínú owó ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera (health insurance) 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ti 15% nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn ń pariwo, ìlérí táwọn olórí Áfíríkà ṣe ní Àbújá lọ́dún 2001 ni, wọn ò lè fi mú ẹnikẹ́ni lọ kóòtù. Tẹ́ ẹ bá kọ "ẹ ṣe òfin", wọ́n á ní àwọn ti ṣe é, á parí síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé "owó yìí, ilé ìwòsàn wo ló dé, èló?" Kẹ́ ẹ sì kọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: káńsù, Ìlọrin, tàbí Àbújá. Ẹni ẹlẹ́ni lẹ máa ń kọ lẹ́tà sí.

Alfa Kẹ́mísì: Ẹ ò bi aláìsàn kankan o 😂 ẹ ń pín ẹran ẹ ò pe onímàlúù.

Akọ̀wé Tanke: Alfa, ẹ ò ní pa mí 😂. Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín. Mo ti so wọ́n pọ̀ lálẹ́ àná, ó di 23. Ọ̀nà ẹ̀gbọ́n Gàá-Àkànbí la máa lò, ti nọ́ọ̀sì ni ká fi ro ó. Alága ṣáà ní ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara gbọ́dọ̀ wà nínú márùn-ún, kò sì sí nínú 96 yẹn rárá (ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i), mo ní kóun náà wá gba bébà. Ó kù ti ọ̀nà Òkè-Ẹ̀rọ, wọn ò ní lè wá sí Ìlọrin torí ìpàdé wákàtí méjì, fọ́ọ̀mù orí fóònù tí mo fi ránṣẹ́ ò sì ṣí fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àràn: Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá wa ní Òmù-Àràn, ó sún mọ́ wọn díẹ̀. Ẹ má fi sí ọjọ́ tí wọ́n ń gba àjẹsára ṣá. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó kọ ti fírísà yẹn pé mo ní kúlà kan tó ṣì dáa, kó wá gbé e.