Wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gbá, àfi bí èrò bá pé

Kóòṣì Ajàṣẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà kóòṣì. Àwọn ọmọ ọdún 15 sí 17 ni mò ń kọ́ ní Ajàṣẹ́-Ìpo. Nídìí tírénì, páàsì wọn dùn ún wò. Àmọ́ bí èrò bá ti yí pápá ká, pàápàá tí a bá lọ gbá ní Ọ̀ffà, gbogbo ẹ̀ á dàrú. Ẹni tí wọ́n bá gbá lẹ́sẹ̀ á gbá a padà, káàdì pupa á tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá jẹ wá ní góòlù méjì, àwọn kan ò ní sáré mọ́. Ariwo nìkan ni kápútéènì mọ̀ ọ́n pa. Ṣé kí n máa fi sísáré yí pápá jẹ wọ́n níyà ni, àbí kí n pààrọ̀ kápútéènì?

Tíṣà Tánkẹ
Ẹ kú iṣẹ́, kóòṣì. Ọ̀rọ̀ èrò ni kí n mú. Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ti ṣàlàyé ẹ̀ ní 1965: ohun tó mọ́ èèyàn lára jù ni ojú èrò máa ń fà jáde. Bó bá jẹ́ ohun tó dáa ló mọ́ ọn lára, á ṣe é ju ti ìgbà tó dá wà lọ. Bí kò bá tíì mọ́ ọn lára, àṣìṣe ló máa ṣáájú. Torí náà, ohun tí ẹ kọ́ wọn ní Àlàmísì, ẹ má retí ẹ̀ ní Sátidé. Ibi tó dákẹ́ ni kí ẹ ti kọ́ wọn ní fíríkíìkì tuntun, títí wọ́n á fi máa gbá a láìronú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá máa bu èrò sí i díẹ̀díẹ̀. Kí àwọn ará bẹ́ǹṣì kọ́kọ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kí wọ́n pariwo fún 20 ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ó yá, ẹ pe àwọn ọmọ ilé-ìwé. Òbí ló kẹ́yìn, torí ẹni tó ń díwọ̀n ọmọ ló ń já a láyà. Nínú ìwádìí Cottrell, onímọ̀ ìhùwàsí míì, ní 1968, èrò tí wọ́n fi aṣọ dì lójú ò yí bí èèyàn ṣe ń ṣe nǹkan padà bíi ti èrò tó ń wòran.

Ọmọ Ọ̀ffà
Ẹ lé àwọn oníjà yẹn dànù jàre.

Àǹtí Kóòṣì, Gáà-Akanbí
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Bí ẹ bá lé méjì, méjì míì á rọ́pò wọn.

Kóòṣì, èyí tí ọmọ fi èjìká du bọ́ọ̀lù lábẹ́ òfin, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó fi fẹ́ kí ẹlòmíì fara pa ni ká wá nǹkan ṣe sí. Dollard àtàwọn akẹgbẹ́ ẹ̀, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, sọ ní 1939 pé ìjákulẹ̀ ló ń fa ìwà ipá. Berkowitz, onímọ̀ bíi tiwọn, tún un ṣe lẹ́yìn náà: ìbínú ni ìjákulẹ̀ ń bí, ó dìgbà tí nǹkan kan bá tanná ràn án. Nǹkan yẹn ni kí ẹ wá. Ẹ fún ẹnìkan ní ìwé, kó máa kọ ìṣẹ́jú fáòlù burúkú kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ṣáájú ẹ̀: ṣé fèrè tí rẹfirí ò fun ni, ṣé èébú ni, àbí bọ́ọ̀lù tí ọmọ náà fúnra ẹ̀ sọ nù?

Kí ẹ wá fi ohun tí ìwé náà bá fi hàn ṣe tírénì. Ẹni márùn-ún sí márùn-ún, ẹ̀yin ni rẹfirí, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fun fèrè òdì. Ọmọ tí ẹ rẹ́ jẹ á kẹ̀yìn sí ẹni tó ń tọ́ ọ, á mí síta gùn-ún-ùn, á sáré padà sáyè ẹ̀. Ẹni tó bá fèsì, ìṣẹ́jú 2 níta, àwọn mẹ́rin tó kù á máa gbá a lọ. Sísáré yípo ò lè kọ́ wọn ní èyí, eré sísá ni wọ́n máa kórìíra.

Ẹ má bínú o, ta ló ń bú rẹfirí láti ẹ̀gbẹ́ ìlà? Bandura, onímọ̀ ìhùwàsí kan, fi hàn ní 1961 pé ọmọdé máa ń ṣe irú ìwà ipá tó bá rí lọ́wọ́ àgbà.

Tíṣà Tánkẹ
Ti àwọn tí kì í sáré: nínú okùn fífà tí Ringelmann, ẹnjiníà ará Faransé kan, fi wọn agbára àwọn èèyàn, ẹni mẹ́jọ fa nǹkan bí ìdajì àpapọ̀ agbára wọn. Wọn ò fà á pọ̀ dáadáa, wọ́n sì tún ń dẹwọ́ torí kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ máa ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba bọ́ọ̀lù padà àti iye ìgbà tó sáré padà sẹ́yìn, kí ẹ kà á fún òun nìkan. Bó bá jẹ́ góòlù nìkan lẹ ń kà, gbogbo wọn á di sítíráíkà.

Bàbá Ìgbómìnà
Ẹ má yọ kápútéènì láàárín ìdíje, iṣẹ́ ẹ̀ ni kí ẹ pín. Òun nìkan ni kó máa bá rẹfirí sọ̀rọ̀, kí gólì máa to àwọn ẹ̀yìn. Kí ariwo ẹ̀ ní orúkọ àti iṣẹ́ nínú: "Wálé, padà!" "Kí ló ń ṣe ẹ́?" ò sọ ohun tí Wálé máa ṣe.

Kóòṣì Ajàṣẹ́
Mo dúpẹ́ gan-an. A ní gẹ́ẹ̀mù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

Àǹtí Kóòṣì, Gáà-Akanbí
Ìwé fáòlù. Fèrè òdì ò lè mọ́ wọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ kan.